Ọyẹ́ ń bọ̀: kí ló yẹ ká ti ṣe sí green kó tó dé?

OlùtọjúPápá9 béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀ nídìí pápá gọ́ọ̀fù.

Pápá oníhò 9 ni, kò jìnnà sí Ìbàdàn. Green kọ̀ọ̀kan (ojú koríko kúkúrú tí ihò wà) fẹ̀ tó 450 m², Tifdwarf, irú bahama kúkúrú kan, ni koríko orí rẹ̀, yanrìn ló sì wà lábẹ́. Tee kọ̀ọ̀kan (ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́) tó 150 m², koríko bahama ló wà níbẹ̀. Ní fairway, ọ̀nà koríko láàrin tee àti green, bahama àti carpet grass ti wọnú ara wọn. Kànga ẹ̀rọ kan là ń lò, ó ń fún wa ní nǹkan bí 3,000 lítà ní wákàtí kan. Tánkì ilẹ̀ gba 40,000 lítà. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà.

Lọ́dọọdún, bó bá ti di ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ṣẹ́rẹ́, green á pọ́n bí idẹ, àwọn ojú ibì kan á sì kú títí òjò á fi dé. Ìgbìmọ̀ ti wá ní kí a fi hollow tine (eyín ẹ̀rọ tó ní ihò nínú) lu gbogbo green nínú oṣù Bélú, kí a sì gé e wálẹ̀ sí 3 mm nítorí ìdíje oṣù Ọ̀pẹ́. Owéwe la wà yìí. Ṣé ohun tí wọ́n ní ká ṣe yìí bọ́gbọ́n mu? Omi mélòó ni green ń fẹ́ nínú ọyẹ́? Ìgbà wo ni kí a dá ajílẹ̀ dúró?

---

KóókoIgbá fèsì:

Ẹ kú àmójútó. Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹ má gbà fún wọn.

Hollow tine ń fa erùpẹ̀ yọ jáde ni, etí ihò kọ̀ọ̀kan sì dà bí ojú ọgbẹ́. Nínú oṣù Èbìbí, tí òjò ń rọ̀ tí òru sì ń móoru, Tifdwarf á dí ihò oní-12 mm láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nínú oṣù Bélú, òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìdàgbà koríko ti ń fà sẹ́yìn. Ọyẹ́ á bá ihò yẹn ní ṣíṣí, atẹ́gùn gbígbẹ á wọ inú rẹ̀, gbòǹgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á gbẹ. Bí ẹ bá wo ibi tó máa ń kú dáadáa, ẹ lè rí i pé àmì ihò ló tò lọ tò bọ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ni wọ́n ń fẹ́ kó wọ ilẹ̀, solid tine (eyín tí kò ní ihò nínú, tí kì í fa erùpẹ̀ jáde) tín-ín-rín, 6 sí 8 mm, ni kí ẹ lò, kí oṣù Ọ̀wàrà tó parí, lọ́jọ́ kejì òjò tó rọ̀ dáadáa. Ojú ìyẹn kì í pẹ́ pa dé, kò sì ní ba ìdíje kankan jẹ́.

3 mm ńkọ́? Ewé ni koríko fi ń se oúnjẹ tí gbòǹgbò ń jẹ. Ní ọyẹ́, eruku bo oòrùn, eruku tún bo ewé, òru tutù. Bí ẹ bá wá gé ewé yẹn kù díẹ̀, koríko á jẹ gbòǹgbò ara rẹ̀. Gbòǹgbò tó wọlẹ̀ tó 10 cm nínú oṣù Ọ̀wàrà lè ká sókè di 4 cm kí Ṣẹ́rẹ́ tó dé. Omi inú 4 cm yanrìn kì í pẹ́ gbẹ, nígbà tó bá fi di aago méjì ọ̀sán ó ti tán. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní "ọyẹ́ pa green" nìyẹn. Ọ̀wàrà la ti pa á, Ṣẹ́rẹ́ ló kàn wá hàn.

Nítorí náà, 4 mm ni kí ẹ máa gé e títí di àárín oṣù Bélú. Ẹ gbé e sókè sí 5 mm lẹ́yìn ìyẹn. Bí ọyẹ́ bá mú gan-an, 6 mm kò burú rárá. Ẹ má gé e lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó. Lọ́jọ́ tí ẹ ò bá gé e, ẹ yí róólà fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Róólà ló ń mú kí bọ́ọ̀lù yára, láìfọwọ́ kan ewé. Ohun tí ẹ máa sọ fún ìgbìmọ̀ nìyẹn: ìdíje á ní green tó ń sáré, koríko ò sì ní san gbèsè rẹ̀. Ní òwúrọ̀ kí ẹ tó gé e, ẹ fi omi díẹ̀ fọ eruku kúrò lójú ewé. Bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́, abẹ yín ni eruku yẹn máa pọ́n dànù.

Ajílẹ̀. Láti ìsinsìnyí títí di àárín oṣù Ọ̀wàrà, ẹ ṣì lè fún un ní nitrogen gidi, 2.5 gíráàmù lórí m² kan. Lórí 450 m², ìyẹn jẹ́ kìló 7.5 NPK 15-15-15, tàbí kìló 2.45 yùríà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ bomi rin ín lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ pápá ń gbàgbé ni potassium, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ran koríko lọ́wọ́ láti di omi inú ara rẹ̀ mú. Ẹ fi kìló 2.25 sulphate of potash sí green kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà, kí ẹ tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ Bélú. Bí muriate of potash ni ẹ rí rà, kìló 1.9 tó, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ le ju ti ìkejì lọ, omi tí ẹ máa fi tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ pọ̀.

Láti oṣù Bélú dé Èrèlé, ẹ má dá nitrogen dúró pátápátá, ẹ kàn máa fún un bí ẹni ń fi ṣíbí bọ́ ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ wọn nǹkan bí 490 gíráàmù yùríà fún green kan, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ po ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ lítà 15 omi nínú tánkì àgbékọ́ ẹ̀yìn. Tánkì kan á kárí 150 m². Ẹ fọ́n ọn kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì fi omi wẹ̀ ẹ́ kúrò lójú ewé. Wóró yùríà tí ẹ bá dà sórí ewé gbígbẹ nínú ọyẹ́, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ni ẹ máa rí àpá rẹ̀.

Omi ni ọ̀rọ̀ tó gùn jù. Milimítà kan omi lórí m² kan, lítà kan ni. Green tó wà nínú ọyẹ́ ń lo nǹkan bí 4 sí 5 mm lójúmọ́. Green 9 tó jẹ́ 450 m² lápapọ̀ jẹ́ 4,050 m². Bí ẹ bá fún un ní 4.5 mm lójoojúmọ́, orí ni omi máa jókòó sí, gbòǹgbò á sì wà lórí náà. Èmi á ní kí ẹ fún un ní 9 mm, ọjọ́ kan gbà, ọjọ́ kan sinmi. 36,450 lítà nìyẹn, tánkì yín gbà á. Lálẹ́ tí green ń sinmi, ẹ bomi rin tee: tee 9, 4 mm, 5,400 lítà. Kànga yín lè kún tánkì náà ní nǹkan bí wákàtí 13, bí iná bá gbà fún un, tàbí bí dísẹ́ẹ̀lì bá wà. Ẹ má da 9 mm sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pín in sí mẹ́ta, kí ẹ sinmi ìdajì wákàtí láàrin wọn, kí omi rí àyè wọlẹ̀ dípò kó ṣàn lọ sínú bunker, kòtò oníyanrìn ẹ̀gbẹ́ green.

Fairway yín, ẹ jẹ́ kó pọ́n. Bí fairway 9 bá jẹ́ hẹ́kítà 6, 5 mm lórí rẹ̀ jẹ́ 300,000 lítà. Ẹ ò ní irú omi bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan. Bahama á sùn, òjò á jí i. Ẹ gbé abẹ sókè láti 15 mm sí 20 tàbí 25 kí ó tó sùn, ẹ má sì jẹ́ kí mọ́tò kankan gba orí rẹ̀ kọjá ní ọ̀sán.

Lójú ọ̀sán, ẹ rìn kọjá lórí green. Bí ìrísí bàtà yín kò bá kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń fẹ́ di aró tó ṣá, omi ti ń tán nínú rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà wọ́n ọn díẹ̀, ibi tó kan nìkan. Bí omi bá ń yí kúrò lórí ibì kan bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, ilẹ̀ ibẹ̀ ti kọ omi. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un dé 10 cm, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta síra, kí ẹ fi wetting agent (oògùn tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ gba omi) sí i, kí ẹ sì rọra bomi rin ín ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìmọ̀ràn àwọn ará Florida lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ koríko ryegrass tí wọ́n ń gbìn lé bahama lórí ní oṣù Ọ̀wàrà kò kàn wá. Ọ̀dọ̀ wọn ni òtútù ń mú koríko sùn. Ọ̀dọ̀ wa, òùngbẹ ni.

---

AbẹMímú fèsì:

Ọ̀gá KóókoIgbá ti sọ tán lórí koríko. Mo fẹ́ fi ti ẹ̀rọ kún un, torí ìdajì àwọ̀ idẹ tí ẹ ń rí yẹn, iṣẹ́ abẹ kíkú ni.

Ẹ já ewé mẹ́wàá lórí green lọ́jọ́ kejì tí ẹ gé e, ẹ wo orí rẹ̀. Bó bá gún régé, abẹ yín dára. Bó bá ya bí aṣọ àkísà tó sì funfun, abẹ ń fa koríko ya ni, kò gé e. Ibi tó ya yẹn ni omi ń gbà jáde. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa wáyà plug kúrò, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ ya ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ kì í bọ àárín abẹ tí ń yí àti abẹ ìsàlẹ̀, kí ẹ rọra fọwọ́ yí i. Ó gbọ́dọ̀ gé ìwé náà láti igun kan dé ìkejì. Bó bá gé e lápá kan tó sì ká a lápá kejì, abẹ méjèèjì kò tò mọ́ra dọ́gba. Àyè àárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju 0.05 mm lọ, kí ọ̀kan má sì fara kan ìkejì. Tí wọ́n bá ń fara kanra, wọ́n á gbóná, wọ́n á sì jẹra wọn tán.

Nígbà òjò, ẹ lè fi ìyẹ̀fun ìpọ́nbẹ pa abẹ, kí ẹ yí i sẹ́yìn kó lè mú, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Bí etí abẹ ìsàlẹ̀ bá ti di róbótó, yíyí sẹ́yìn kò lè gbà á là, ẹ gbé e lọ fún lílọ̀, tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fẹ́ rédíétọ̀ lójoojúmọ́ láti inú síta, kì í ṣe láti ìta sínú. Filter atẹ́gùn tó jẹ́ ti bébà, ẹ má fi kọmpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, ojú rẹ̀ á lu, eruku á sì bá ibẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Gbọ̀n ọ́n, tàbí pààrọ̀ rẹ̀.

Sípíríńkílà ńkọ́? Ẹ má gbà pé 9 mm ni ẹ ń fún green títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ kó agolo mílíìkì ogún tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà jọ, ẹ tò wọ́n sórí green ní mítà méjì síra, ẹ ṣí omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi rúlà wọn omi inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in. Bí ó bá jẹ́ 3 mm, ìṣẹ́jú 45 ni 9 mm yín. Lẹ́yìn náà ẹ mú agolo márùn-ún tí omi wọn kéré jù, ẹ wo ìdá tí ìpíndọ́gba tiwọn jẹ́ nínú ti gbogbo ogún. Bí kò bá tó 0.6, omi ò kárí. Ibi tó máa ń kú lọ́dọọdún ló ṣeé ṣe kí agolo márùn-ún yẹn wà.

Àìkárí yẹn ní ìdí rẹ̀. Bí omi bá ń di ìkúùkù kó tó balẹ̀, agbára pọ́ǹpù ti pọ̀ jù. Bó bá rin àyíká tí àárín gbẹ bí òrùka, agbára kò tó, tàbí ẹ ṣí orí sípíríńkílà tó pọ̀ jù papọ̀. Bí orí kan kò bá yí, yanrìn kànga ló wà nínú rẹ̀: ẹ tú u, ẹ fọ ojú ibi tí omi ń gbà jáde àti asẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì máa fọ filter ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí orí bá ti wọlẹ̀ tí koríko bo etí rẹ̀, ẹ hú u sókè kó bá ilẹ̀ dọ́gba.

Wọ́n á ní òwúrọ̀ kùtù, aago mẹ́rin, ni kí ẹ bomi rin ín. Nígbà òjò mo gbà, torí ewé tó bá sun inú omi ní òru á ní àrùn. Ní ọyẹ́ gidi, afẹ́fẹ́ gbẹ débi pé bí iná bá dé ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ lò ó. Koríko tó rí omi ní aago mẹ́wàá sàn ju èyí tí kò rí rárá.

---

OlùtọjúPápá9 fèsì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Àwọn abẹ yẹn, ìwé ìròyìn ò gé lápá òsì ní ẹ̀rọ méjèèjì! Ìgbà wo gan-an ni kí hollow tine wáyé? Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, gbégi àti kòkòrò ń dà wá láàmú, kí ni kí a ti ṣe kí ó tó dé?

---

KóókoIgbá fèsì:

Ìparí oṣù Igbe sí ọ̀sẹ̀ kẹta Èbìbí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò àkọ́kọ́, òjò oṣù Ẹrẹ́nà a máa tan ni jẹ. Ẹ dúró títí ó fi rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, tí koríko sì ti ń sáré dàgbà.

Tine 12 mm, ìjìn 8 cm, 5 cm síra. Ihò 400 nìyẹn lórí m² kan, 180,000 lórí green kan. Yanrìn tó máa dí wọn jẹ́ nǹkan bí 1.6 m³, ẹ fi 0.9 m³ kún un kí 2 mm lè kù lójú. Fún green 9, ẹ ń sọ̀rọ̀ nǹkan bí 23 m³, tó tó tọ́ọ̀nù 34 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Típà ńlá méjì. Ẹ rà á ní oṣù Èrèlé tí ọ̀nà odò ṣì gbẹ, ẹ fi tapólì bò ó. Yanrìn tó tutù kì í wọ ihò, orí ihò ló máa dí, abẹ́ á ṣófo, lẹ́yìn oṣù kan ojú green á rì kọ́lọ kọ̀lọ. Gbogbo ìyọnu iṣẹ́ yìí wà níbi kí yanrìn gbẹ, kí ojú green gbẹ, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a wọlé, kí òjò ọ̀sán ọjọ́ kan náà má sì ká yín mọ́ ọn. Àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, green mẹ́ta péré lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé abẹ sókè sí 6 mm fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ fún un ní 2.5 gíráàmù nitrogen ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.

Bí ẹ bá ti rí i pé ojú ìdákẹ́ òjò inú Ògún ti dé, ẹ tún lè fi solid tine lù ú. Hollow tine ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún green tí kò ní ẹrù ewé tó kú tó pọ̀ lábẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ gé ilẹ̀ green díẹ̀ yọ wò: bí ìpele aláwọ̀ ilẹ̀ tó rọ̀ bí fóòmù bá ju 12 mm lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni.

---

Lékeléke_Orí_Fairway fèsì:

Mo fẹ́ mú ti gbégi àti kòkòrò.

Gbégi ń sọ fún yín pé ilẹ̀ ti le. Ẹ wo ibi tó ń hù: ọ̀nà tí kádì (àwọn tó ń gbé àpò gọ́ọ̀fù) ń gbà jáde nínú green, etí tee, ibi tí mọ́tò ti ń yípo. Gbòǹgbò bahama ò lè wọ ibẹ̀, ti gbégi lè wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá pa á láìlu ilẹ̀, ó ń padà bọ̀. Lórí green, ọ̀bẹ ni kí ẹ fi wú u, tòun ti ìdí rẹ̀, kó tó so. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má fi pendimethalin, oògùn apakoríko, sí green, ó ń gé gbòǹgbò koríko tí ẹ fẹ́ fi pamọ́. Lórí fairway ó dára, láàrin oṣù Èrèlé àti ìbẹ̀rẹ̀ Ẹrẹ́nà, kó ti wà nílẹ̀ kí èso gbégi tó hù, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, kí òjò tàbí omi sì rin ín wọlẹ̀ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Gbégi tó ti hù, kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Glyphosate á pa gbégi, á pa bahama yín náà: ẹ fi fóòmù tó rọ̀ mọ́ ọ̀pá nu un lójú gbégi nìkan. Paraquat, oògùn apakoríko tí àwọn kan ṣì ń kó pamọ́, NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kò sì sí oògùn rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì. Ẹ̀kan tó wà nínú rough, koríko gíga ẹ̀gbẹ́ fairway, gígé kì í pa á, abẹ́ ilẹ̀ ló ń rìn. Patanmọ́ àti àwọn elewé gbòòrò, 2,4-D mú wọn, ẹ kàn ṣọ́ atẹ́gùn, kó má gbé e dé oko ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́yìn odi.

Ti kòkòrò, ẹ máa wo lékeléke. Bí wọ́n bá ń péjọ sí ojú kan lórí fairway ní òwúrọ̀ mẹ́ta léra, tí kò sì sí màlúù níbẹ̀, ohun kan wà tí wọ́n ń jẹ. Ẹ po ṣíbí ọbẹ̀ méjì ọṣẹ ìfọwo mọ́ lítà 5 omi, ẹ dà á sórí m² kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Kòkòrò ajewé á jáde, ìrẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ náà á jáde. Kòkòrò ajewé ni ọ̀tá ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé òjò àkọ́rọ̀. Ẹ máa rí i bí àbàwọ́n tó ń tẹ̀ síwájú, ewé tútù níwájú rẹ̀, igi koríko lásán lẹ́yìn rẹ̀. Òru ni wọ́n ń jẹun, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fọ́n lambda-cyhalothrin, oògùn apakòkòrò, lẹ́yìn tí ẹ ti gé koríko, kí ẹ má sì gé e tàbí bomi rin ín títí di ọjọ́ kejì. Oògùn yìí ń pa ẹja kíákíá. Ẹ dúró ní mítà 10 sí etí odò tàbí adágún, kí ẹ má sì fọ tánkì síbẹ̀.

---

BrownsṢìWà béèrè:

Ẹ kú ìmọ̀ o. Tiwa ṣì jẹ́ browns dípò green, yanrìn tí a po mọ́ òróró ẹ́ńjìnnì. Ṣé ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kan àwa náà?

---

AbẹMímú fèsì:

Ó kàn yín dáadáa, ní ọ̀nà mìíràn. Koríko yín kò ní kú, àmọ́ atẹ́gùn á máa gbé yanrìn tí òróró rẹ̀ ti gbẹ lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n: ó yẹ kó nípọn tó 4 sí 5 cm lórí ilẹ̀ pupa tí a lù le. Bí ó bá ti di 2 cm, bọ́ọ̀lù á máa ta lórí rẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi rééki tú gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó wọ́ ọ tẹ́. Bí ẹ bá kàn ń wọ́ ọ lójoojúmọ́ láìtú u, abẹ́ á dì bí kọnkéré, orí á máa yọ̀. Ẹ máa wọ́ ọ ní yíyípo, kí àárín ga díẹ̀ fún omi òjò. Kí Ẹrẹ́nà tó dé, ẹ gbẹ́ kòtò kékeré yí i ká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òjò àkọ́kọ́ á gbé yanrìn yín dé fairway.

Òróró ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní òjé nínú, ilẹ̀ sì ń fà á mu. Bí kànga bá wà nítòsí, mi ò ní gbà yín níyànjú láti fi kún un mọ́. Bí ẹ bá sì ń ronú láti sọ ọ́ di green, ẹ kó gbogbo yanrìn olóróró náà kúrò tòun ti ilẹ̀ tó ti dúdú lábẹ́ rẹ̀. Koríko kò ní ta gbòǹgbò sínú ìyẹn.

---

Lékeléke_Orí_Fairway fèsì:

Nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Iná: kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Ọ̀pẹ́ tó parí, ẹ ro ìlà mítà 4 sí 5 yí ààlà pápá ká títí dé ilẹ̀, ní pàtàkì níbi tí ẹ̀kan bá pọ̀. Àwọn ọlọ́dẹ àti olóko ò ní béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó ṣáná. Igi: ẹ gé ẹ̀ka gbígbẹ tó wà lórí tee àti ọ̀nà nínú oṣù Èrèlé, torí ìjì tó ń ṣáájú òjò Ẹrẹ́nà kì í kìlọ̀. Nígbà kan náà, ẹ ṣí ojú páìpù tó ń fa omi kúrò nínú bunker, kí ẹ sì wọn yanrìn rẹ̀: 10 cm ní ilẹ̀, 5 cm ní ògiri. Bí ògiri bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjò kan ṣoṣo á wọ́ ọ wálẹ̀.

---

OlùtọjúPápá9 fèsì:

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù: onítípà ní sharp sand ni òun máa gbé wá. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó dára fún green?

---

KóókoIgbá fèsì:

Ẹ má san owó títí ẹ ó fi dán an wò. Ẹ bu yanrìn sínú ìgò tó mọ́ gaara títí dé 10 cm, ẹ da omi sí i kó kún, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ mi ìgò náà fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ wo ìpele ẹrẹ̀ tó bà lé yanrìn lórí. Bí ó bá ju 5 mm lọ, ẹ dá a padà. Bí omi ṣì rí bí ẹrẹ̀ ní ọjọ́ kejì, amọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn burú ju ẹrẹ̀ lọ, ihò yín ló máa dí bí símẹ́ǹtì.

Ẹ sẹ́ ìyókù pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì fèrèsé. Ohun tó bá kù lórí nẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ ju díẹ̀ lọ, torí òkúta kéékèèké ló ń kán abẹ AbẹMímú. Yanrìn pílásítà tó kúnná bí ìyẹ̀fun náà ò dára, kì í jẹ́ kí omi sọ̀kalẹ̀. Yanrìn etí òkun, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, àfi tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́.

Ẹ gé ilẹ̀ green yín kan wò pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí ẹ fi yanrìn tuntun sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí tuntun bá kúnná jù ú lọ, omi á dúró sórí rẹ̀, gbòǹgbò á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó jọra ni kí ẹ wá, kódà bó bá gba pé kí ẹ máa rà á láti odò kan náà lọ́dọọdún.